Ta Ni A Ó Fi Àgbà Wé?

Kò sí ọjọ́ kan tí ọmọ ènìyàn kì í fi nǹkan kan wé òmíràn. Àgbẹ̀ a máa fi ìkórè ọdún yìí wé ti èṣí. Ìyá aláró ní Ìtòkú a máa fi àwọ̀ àdìrẹ kan wé èkejì kí ó tó dá iye lé e. Olùkọ́ a sì máa fi iṣẹ́ ọmọ kan wé ti ọmọ mìíràn kí ó tó kọ máàkì sí i. Ìfiwéra kì í ṣe ohun búburú. Bí kò bá sí i, báwo ni à bá ṣe mọ èyí tí ó dára yàtọ̀ sí èyí tí kò dára? Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n èké ti ń ba ọjà jẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ìfiwéra tí kò tọ́ ń ba orúkọ ènìyàn jẹ́, a sì máa ba ọkàn ẹni tí ń ṣe é jẹ́ pẹ̀lú. Nítorí náà, ìwọ òǹkàwé mi, mo fẹ́ kí a jọ gbé ìbéèrè kan yẹ̀wò. Nígbà tí ara ẹnìkan bá ń darúgbó lẹ́nu iṣẹ́ tí ó ń fi okun ṣe, tí kò sì tíì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ta ni ó tọ́ kí a fi í wé?

Ohùn mẹ́ta ni a máa ń gbọ́ nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń dáhùn ìbéèrè yìí. Ohùn kìíní wí pé kí a fi í wé àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n jọ wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, nítorí pé bọ́ọ̀lù kì í béèrè ọjọ́ orí lọ́wọ́ ẹni tí ó gbá a, bẹ́ẹ̀ ni oko kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ro ó. Ohùn kejì wí pé kí a fi í wé ara rẹ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀, kí a lè mọ bí agbára rẹ̀ ti dínkù tó. Ohùn kẹta wí pé àwọn ojúgbà rẹ̀ ni kí a fi í wé, àwọn tí a bí ní ìwọ̀n ìgbà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Mo fara mọ́ ohùn kẹta yìí ju àwọn méjì ìṣáájú lọ, ṣùgbọ́n èmi kò gbà pé òun nìkan tó láti ṣe ìdájọ́. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ronú sí bí a ti ń ṣe eré ìje nílé ẹ̀kọ́. Olùkọ́ tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í kó ọmọ ọdún 8 àti ọmọ ọdún 15 sí ojú ìlà kan náà, kí ó fun fèrè, kí ó sì wá fi ẹ̀bùn fún ẹni tí ó kọ́kọ́ dé. Ọ̀wọ́ ọ̀wọ́ ni a máa ń pín wọn sí gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí wọn. Bí ọmọ kékeré bá sì gba ipò kìíní nínú ọ̀wọ́ tirẹ̀, gbogbo wa a pàtẹ́wọ́ fún un, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kíláàsì òkè yára jù ú lọ. Àwọn baba wa náà mọ ọgbọ́n yìí. Nínú àáró, èyí tí Lísàbí fi kó àwọn Ẹ̀gbá jọ kí wọ́n tó gba ara wọn lọ́wọ́ Ọ̀yọ́, àwọn tí ọjọ́ orí àti agbára wọn súnmọ́ ara ni wọ́n jọ ń ro oko ara wọn, kí iṣẹ́ tí ẹnìkan gbà má baà ju èyí tí ó san padà lọ. Bí a bá gbà pé òdodo ni kí a ro ti ọjọ́ orí mọ́ ọmọdé lára, kí ni ó dé tí a fi ń gbàgbé rẹ̀ nígbà tí ó bá kan àgbà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèǹgbè.

Ohùn kejì náà ní àbùkù tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ń fi àgbà wé ìgbà èwe rẹ̀ ti mọ ohun tí yóò rí kí ó tó wò ó: yóò rí i pé agbára ti dínkù. Kò sí ẹni tí a wọ̀n báyìí tí a kò ní bá àìpé lára rẹ̀. Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ìdínkù agbára kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, nítorí náà kò yẹ kí ó jẹ́ ẹ̀sùn.

Ó kù ohùn kẹta. Jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò nínú ìtàn àwọn agbábọ́ọ̀lù méjì tí a bí ní ọdún kan náà. A bí Roger Milla ní ilẹ̀ Kamẹrúùnù ní ọjọ́ 20 oṣù Karùn-ún, ọdún 1952. A bí Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ẹ̀gbá, ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ, ọdún 1952 kan náà. Oṣù mẹ́ta péré ni ó wà láàárín wọn. Ojúgbà gan-an ni wọ́n. Ní ọdún 1976, a yan Milla ní agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní Áfíríkà. Ní ọdún 1976 yẹn náà ni ẹgbẹ́ Shooting Stars ti Ìbàdàn, tí Ọdẹ́gbàmí ń gbá bọ́ọ̀lù fún, gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà, èyí tí ẹgbẹ́ kankan láti Nàìjíríà kò tíì ṣe rí ṣáájú wọn. Títí dé ibẹ̀, ẹsẹ̀ wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Wàyí o, wo bí ọ̀nà wọn ti yà. Ọdẹ́gbàmí fi eré bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ọdún 1984, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 32. Ní ti Milla, ó ti fi ikọ̀ orílẹ̀-èdè rẹ̀ sílẹ̀, ó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ ní erékùṣù Réunion, nígbà tí Paul Biya, ààrẹ Kamẹrúùnù, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó padà wá fún ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ti ọdún 1990 ní Ítálì. Ọmọ ọdún 38 ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù méjì wọ àwọ̀n Rùmáníà, ó sì gbá méjì wọ àwọ̀n Kòlóńbíà. Kamẹrúùnù di ìlú Áfíríkà àkọ́kọ́ tí yóò bá àwọn mẹ́jọ tí ó kù nínú ìdíje náà jókòó, kí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fi góòlù 3 sí 2 borí wọn. Ní òpin ọdún náà, a tún yan Milla ní agbábọ́ọ̀lù tí ó ta yọ jù lọ ní Áfíríkà, ọdún 14 lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Ní ọdún 1994 ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó pé ọmọ ọdún 42, ó tún gbá bọ́ọ̀lù kan wọ àwọ̀n Rọ́ṣíà.

Bí ó bá jẹ́ pé góòlù nìkan ni a ń kà, a ó wí pé Milla fi ojúgbà rẹ̀ sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Òótọ́ ni èyí, kò sì yẹ kí a fi í pamọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tí a bí ní ọdún 1952 tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù ti wọ aṣọ olùkọ́ eré tàbí ti olùwòran nígbà tí òun ń sáré lójú pápá ní Ítálì. Ohun tí ìfiwéra pẹ̀lú ojúgbà ń fi hàn wá nìyẹn, ohun tí ìfiwéra pẹ̀lú ọ̀dọ́ kì bá ti fi hàn. Bí a bá fi Milla wé ọmọ ọdún 22, a ó rí ẹni tí kò lè sáré fún gbogbo ìṣẹ́jú 90. Bí a bá fi í wé ojúgbà rẹ̀, a ó rí ohun ìyanu.

Ṣùgbọ́n dúró díẹ̀. Ǹjẹ́ Ọdẹ́gbàmí pàdánù bí? Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹta, ọdún 1980, ní Èkó, òun ni ó gbá góòlù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi borí Àlgéríà, tí a sì fi gba ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Góòlù 23 ni ó gbá fún orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìdíje 46, ọ̀kan nínú méjì-méjì. Nígbà tí ó kúrò lójú pápá, kò lọ sùn. Ó di ẹni tí ń kọ̀wé nípa eré ìdárayá nínú ìwé ìròyìn, ó sì dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Wasinmi ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, níbi tí a ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìwé àti eré ìdárayá pọ̀. Àwọn ọdún tí ojúgbà rẹ̀ fi ń gbá góòlù, òun ń fi wọ́n gbin nǹkan mìíràn. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojúgbà wé ojúgbà, kí ó kọ́kọ́ béèrè bóyá oko kan náà ni wọ́n ń ro. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Jẹ́ kí a kọjá sí òkè òkun díẹ̀, nítorí pé àwọn ará Amẹ́ríkà ní eré kan tí a ń pè ní baseball, wọ́n sì fẹ́ràn láti máa ka iye nínú rẹ̀ ju bí a ti ń ṣe nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ. Ẹnìkan a ju bọ́ọ̀lù kékeré, ẹlòmíràn a fi igi gbá a. Bí bọ́ọ̀lù náà bá fò kọjá ògiri pápá, ògo ńlá ni fún ẹni tí ó gbá a. Babe Ruth gbá irú rẹ̀ 714 ní ìgbà ayé rẹ̀, àwọn ènìyàn sì rò pé kò sí ẹni tí yóò dé ibẹ̀ láéláé. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, ọdún 1974, aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hank Aaron gbá ìkẹẹ̀ẹ́dógún lórí 700, nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti pé ọmọ ọdún 40. Kí ó tó fi eré sílẹ̀ ní ọdún 1976, iye tirẹ̀ ti di 755.

Wo bí ìfiwéra ti ń yí padà gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí a bá lò. Bí a bá wo ọdún kan ṣoṣo tí ó dára jù lọ, Ruth ni ó ga: ó gbá 60 ní ọdún 1927, Aaron kò sì gbá ju 47 lọ ní ọdún kankan. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 37 ni Aaron nígbà tí ó gbá 47 yẹn. Bí a bá sì wo àwọn méjèèjì nígbà tí olúkúlùkù jẹ́ ọmọ ọdún 39, Ruth gbá 22, Aaron gbá 40. Síbẹ̀ èyí kò parí ọ̀rọ̀, nítorí pé ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù ni Ruth jẹ́ ní àwọn ọdún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tí ń gbá a lójoojúmọ́. Iye kì í parọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ bí a kò bá bi í léèrè dáadáa. Ohun búburú ni pé àwọn kan wà tí kò fẹ́ bi í léèrè rárá: wọ́n ń kọ lẹ́tà ìhàlẹ̀ sí Aaron nítorí pé wọn kò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú kọjá Ruth. Ìkórìíra ti dá ẹjọ́ kí ìfiwéra tó bẹ̀rẹ̀.

A tún gbọ́dọ̀ rántí pé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìgbà ogbó tirẹ̀. Ọdún 1934 tí a bí Aaron ni a bí Wọlé Ṣóyínká ní Abẹ́òkúta. Ní ọdún 1973, àwọn méjèèjì jẹ́ ọmọ ọdún 39. Gbogbo ayé ń pe Aaron ní arúgbó lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn àròsọ kejì ni Ṣóyínká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé jáde ní ọdún náà, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní arúgbó. Ó ti lé ní ọmọ ọdún 86 nígbà tí ìkẹta jáde ní Nàìjíríà ní ọdún 2020. Kódà nínú iṣẹ́ kan náà, ipò lè yàtọ̀ sí ipò: Essam El-Hadary ti Íjíbítì ń ṣọ́ ilé ní ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní ọdún 2018 nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 45, ó sì gba bọ́ọ̀lù pẹnárítì kan mú. Ẹni tí ń sáré kiri pápá kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́ tó ẹni tí ń ṣọ́ àwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí n kò gbọdọ̀ fò dá. Ìfiwéra pẹ̀lú ojúgbà kò ní ìtumọ̀ bí ẹnìkan nínú àwọn ojúgbà náà bá ń fi oògùn ra agbára. Ní oṣù Kejìlá, ọdún 2007, ìwádìí tí George Mitchell darí fi hàn pé ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù baseball ni ó ti lo oògùn tí kò tọ́ láti mú kí ara wọn le. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò borí ogbó. Ó yá agbára lọ́wọ́ oògùn ni, ó sì fi olè gba ipò ojúgbà rẹ̀ tí ó fi òótọ́ ṣiṣẹ́. Ọ̀kan náà ni òun àti ọmọ tí ó wo ìwé ẹlòmíràn nínú ìdánwò. Bí máàkì rẹ̀ ti wù kí ó pọ̀ tó, a kò lè fi wé ti ẹnikẹ́ni.

Títí di ìsinsìnyí, ojúṣe ẹni tí ń dájọ́ ni mo ti ń sọ. Ó yẹ kí n sọ ti àgbà pẹ̀lú, nítorí pé àwọn baba wa tún wí pé bí a bá dàgbà, à yé ogun jà. Ǹjẹ́ Milla rú òfin yìí bí? Èmi kò rò bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 1990, kò bẹ̀rẹ̀ ìdíje kankan. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń kọ́kọ́ wọ pápá. Òun a jókòó sí ẹ̀gbẹ́, a dúró títí olùkọ́ yóò fi pè é, a sì wá rọ́pò ẹnìkan. Ẹni tí ó ti jẹ́ ọba nínú eré náà ní ọdún 14 sẹ́yìn gbà láti jókòó de ìpè. Ó mọ ìwọ̀n agbára tí ó kù lára rẹ̀, ó sì ná an síbi tí ó wúlò jù lọ. Àgbà tí ó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá fi ààyè sílẹ̀ fún ọmọdé, àwọn ọmọdé ni yóò bá a gbé e.

Ìtàn góòlù rẹ̀ ti ọdún 1994 sì ní ẹ̀kọ́ kan tí ó korò díẹ̀. Góòlù 6 sí 1 ni Rọ́ṣíà fi borí Kamẹrúùnù lọ́jọ́ náà, ọ̀kan yẹn sì ni ti Milla. Ògo ni fún un, ṣùgbọ́n kò lè gba ilé náà là. Ibi tí ó bá jẹ́ pé ẹni ọdún 42 ni a gbójú lé, ó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ bi ara wọn léèrè ohun tí wọ́n ń ṣe.

Nísinsìnyí, jẹ́ kí a padà sí Abẹ́òkúta wa. Rashidi Yẹkínì, tí a bí ní ọdún 1963, wá sí ìlú yìí ní ọdún 1984 láti Shooting Stars, láti gbá bọ́ọ̀lù fún Abiola Babes. Láti ibí ni ó ti lọ sí Àbíjáǹ, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Potogí, níbi tí ó ti gbá góòlù ju gbogbo ènìyàn lọ nínú ìdíje ọdún 1993 sí 1994. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà, ọdún 1994, ní Dallas, òun ni ó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé. Góòlù 37 ni ó gbá fún orílẹ̀-èdè wa, títí ọdún 2024 sì fi parí, kò sí ẹnìkan tí ó bá a níbẹ̀. Ní ọdún 1998 ó tún lọ sí ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé, kò sì rí góòlù kankan gbá. Ní oṣù Kẹrin, ọdún 2005, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 41, ó padà sí Abẹ́òkúta láti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Gateway fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún 2005 kan náà, Stephen Keshi, tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ wa ní ọdún 1994, tí ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún méjì ju Yẹkínì lọ, jẹ́ olùkọ́ ikọ̀ Tógò. Òun ni ó sì mú orílẹ̀-èdè kékeré náà dé ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojúgbà ni wọ́n. Ọ̀kan ń kọ́ni, ọ̀kan ṣì ń sáré. Ta ni nínú wọn ni ó ṣe dáadáa jù? Bí o bá ti ka ọ̀rọ̀ mi dé ibí, ìwọ òǹkàwé, o ó rí i pé ìbéèrè náà fúnra rẹ̀ kò tọ́. Ohun tí ó tọ́ kí a béèrè nípa Yẹkínì ni pé, nínú àwọn tí wọ́n jọ dàgbà, ẹni mélòó ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì lè gbé e wọ pápá? Ohun tí ó sì tọ́ kí a béèrè nípa Keshi ni pé, kí ni ó fi ọgbọ́n tí ó kójọ ṣe?

Yẹkínì kú ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún, ọdún 2012, ó jẹ́ ọmọ ọdún 48. Nígbà náà ni ìyìn wá pọ̀, tí gbogbo ẹnu ń ka góòlù rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ a bá kú là ń dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè. Ewu tí ó wà nínú ìfiwéra tí kò tọ́ gan-an nìyí: kì í jẹ́ kí a rí àgbà nígbà tí ó ṣì wà níwájú wa. A ń wo ọ̀dọ́ tí ó yára jù ú lọ, a ń wo àwòrán rẹ̀ àtijọ́, a kò wo òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò sì mọ sórí pápá. Bàbá rẹ tí ó ń ro ebè díẹ̀ lóòjọ́ ní àádọ́rin ọdún, má ṣe fi í wé alágbàṣe tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ìyá àgbà tí ó ṣì ń pọn àdìrẹ sínú aró, bí ọwọ́ rẹ̀ bá falẹ̀, béèrè iye àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣì lè dúró nídìí ìkòkò. Kí o sì tún béèrè ohun tí àwọn tí wọ́n ti jókòó ń ṣe, nítorí pé ẹni tí ó jókòó ti ọmọ-ọmọ rẹ̀, tí ó ń kọ́ ọ ní iṣẹ́, kò ṣe ọ̀lẹ. Bí o bá rí èyí tí ó yẹ fún ìyìn, yìn ín lójú ara rẹ̀, nígbà tí etí rẹ̀ ṣì lè gbọ́. Bí ó bá sì kan ìwọ náà lọ́la, tí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí rẹ sí, tí agbára rẹ dínkù, mọ ìwọ̀n èyí tí ó kù, fi òótọ́ ná an, kí o sì fi ààyè sílẹ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ.